Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn: Àwọn Ohun Tí Ọ̀pọ̀ Èèyàn Kò Mọ̀ Nípa Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn ni wọ́n ń pe apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí tó bá Ìpínlẹ̀ Kwara pààlà, tó sì nà dé ẹnubodè ilẹ̀ Benin ní ìwọ̀-oòrùn. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ìpínlẹ̀ náà ní, 10 ló wà níbẹ̀. Ìpàpó, tó wà ní àríwá Ìsẹ́yìn lójú ọ̀nà Òtu, bọ́ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, pẹ̀lú Òtu fúnra rẹ̀, Òkàkà, Kòmú àti Ìgbòjàyè. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Ìbàdàn tó dé Ìpàpó, igbó ti pin, ọ̀dàn ti gba ilẹ̀, àwọn òkè olókúta sì ti ń yọrí lọ́tùn-ún lósì.

Ilẹ̀ náà tóbi ju bí àwọn tí kò débẹ̀ rí ṣe rò lọ. Ó ju ìdajì ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni nínú ìkànìyàn ọdún 2006, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn ìpínlẹ̀ náà ló ń gbé ibẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Atisbo nìkan fẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 kìlómítà níbùú lóòró. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú ọ̀sà àti erékùṣù rẹ̀, kò ju nǹkan bí 3,600 lọ. Ẹni tó bá wá ìlú kan tó ń jẹ́ Atisbo kò ní rí i, nítorí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, Àgọ́-Àrẹ, Tedé, Ìrawọ̀ àti àwọn yòókù, ni wọ́n kó jọ tó di orúkọ ìjọba ìbílẹ̀.

Àwọn ará gúúsù máa ń ka Òkè-Ògùn sí ọ̀nà jíjìn, ibi tí wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ tí ẹkún á gba ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò fara mọ́ èrò yìí rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ọ̀dàn àríwá yìí ni ọba tó lágbára jù lọ nílẹ̀ Yorùbá fi ṣe ibùjókòó. Etí òkun ni wọ́n ń kà sí ìgbèríko nígbà náà.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Ilé ọba náà, Aláàfin, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ní àríwá-ìlà-oòrùn Ìgbòho, lẹ́bàá ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti kan ti Tápà àti ti Bàrìbá. Gbogbo ẹrù tó ń gúúsù bọ̀, obì, iyọ̀ àti aṣọ, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ẹṣin, awọ àti òwú ṣẹ́dà sì ń ti àríwá wá. Ẹṣin ló ṣe pàtàkì jù. Nínú igbó ńlá, eṣinṣin kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti ń jẹ ẹṣin, àìsàn tó ń gbé kiri yóò pa ẹṣin náà kó tó pẹ́. Eṣinṣin yìí kò pọ̀ nínú ọ̀dàn tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ṣe lè gun ẹṣin jà nígbà tí àwọn ará igbó ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, Dahomey, tí olú ìlú rẹ̀ jìnnà réré sí Ọ̀yọ́-Ilé, ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Ọ̀yọ́-Ilé tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ni Hugh Clapperton. Ó wọ ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó sì lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ níbẹ̀, nítorí Aláàfin kò tètè fún un láyè láti máa lọ sí odò Ọya. Katunga ni orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe ìlú náà, òun náà sì ni Clapperton lò. Nínú ìròyìn rẹ̀, ẹnubodè 10 ló wà lára odi ìlú, ọjà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, bá a dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, Lander padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀ ní 1830. Láti Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n gba Kíṣí kọjá sí Kaiama àti Bussa, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ lórí odò Ọya títí wọ́n fi dé òkun. Bí àwọn ará Yúróòpù ṣe mọ ibi tí odò ńlá náà ti ń dà sínú òkun nìyẹn, lẹ́yìn àríyànjiyàn ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú ọ̀nà tó gba Òkè-Ògùn kọjá ni wọ́n tọ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Kí Clapperton tó dé, Òkè-Ògùn ti gba Aláàfin sílé nígbà ìpọ́njú rí. Samuel Johnson kó ìtàn náà jọ sínú ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1921, Robert Smith sì tún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1965. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ogun Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Onígbogí sá lọ sílẹ̀ Bàrìbá, ibẹ̀ ló sì kú sí. Òfinràn ọmọ rẹ̀ ló kó àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ ìrìn padà sí ilẹ̀ wọn. Nígbà tó kan Éguguojú tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ ìlú tuntun dó, ó sì mọ odi yí i ká. Ìlú náà ni Ìgbòho, tí Alépàtà ń jọba lé lórí lónìí. Ibẹ̀ ni olú ìlú Ọ̀yọ́ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀: Òfinràn, Éguguojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdè. Igbó Ọba tí ibojì wọn wà kò kúrò ní Ìgbòho títí dòní. Ìtàn ẹnu tilẹ̀ wà tó sọ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni Johnson kà á sí. Bí tàwọn tó pè é lóbìnrin bá jẹ́ òótọ́, ó jẹ́ pé obìnrin ti kó ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lọ sójú ogun rí.

Ìtàn bí ọba ṣe kúrò ní Ìgbòho ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àbípa ni Aláàfin nígbà náà, ó sì fẹ́ kí gbogbo wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. A ti bí púpọ̀ nínú wọn sí Ìgbòho, ilé àti oko wọn wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé sì ti di ahoro tí wọn kò mọ̀. Wọn kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí ọba lẹ́nu, ni wọ́n bá dá ọgbọ́n. Nígbà tí ọba rán àwọn èèyàn ṣáájú láti lọ wo ahoro náà, àwọn ìjòyè ti yára rán tiwọn lọ lábẹ́lẹ̀: abuké, arọ, àfín, aràrá, àwọn tí ìrísí wọn yàtọ̀. Lálẹ́, àwọn wọ̀nyí gbé iná lọ́wọ́, wọ́n ń rìn kiri orí òkè, wọ́n ń ké pé kò sí àyè níbẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n sì sáré padà láti ròyìn pé ọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn iwin, ló ti gba ìlú.

Ẹnì kan ní Ìgbòho tó mọ àṣírí náà ló tú u fún ọba. Àbípa kò bínú síta. Ó rán àwọn ọdẹ tó láyà lọ, wọ́n sì mú gbogbo àwọn “iwin” náà láàyè wá bá a. Ọba pe àwọn ìjòyè jọ bí ẹni ṣe àlejò. Nígbà tó tó àkókò láti gbé ọtí wá, ẹni tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán níṣẹ́ ló gbé igbá ọtí tirẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Kò sí ẹni tó tún jiyàn mọ́, gbogbo ààfin sì padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ki Àbípa ní Ọba Mọ́rọ̀, tí wọ́n sì ń pe Ìgbòho ní Ìgbòho Mọ́rọ̀.

Ìpadàbọ̀ yẹn gbé ìlú náà ró fún bí igba ọdún. Nígbà tó di ọdún 1830 sí 1840, ogun Ìlọrin àti rògbòdìyàn abẹ́lé tú Ọ̀yọ́-Ilé ká. Aláàfin Olúewu kú sójú ogun nílẹ̀ Bàrìbá, àwọn tó kù sì kọ ìlú náà sílẹ̀. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ ti òde òní dó ní gúúsù, ní ibi tó lé ní 100 kìlómítà sí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn tó wà nínú ọ̀dàn náà di ahoro pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì kún Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú gúúsù yòókù. Bí ilẹ̀ gbalasa náà ṣe di ibi tí èèyàn kò pọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń rin ìrìn ọ̀pọ̀ kìlómítà láìrí abúlé nínú rẹ̀ ń rìn lórí ilé àwọn baba ńlá àwọn tí ń gbé Ìbàdàn.

Ibi tí èèyàn fi sílẹ̀ ni ẹranko gbà. Ìjọba amúnisìn ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1936, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di ọgbà ẹranko tirẹ̀ ní 1991. Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé yìí fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Tedé, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Yemọ́só, Marguba àti Ọ̀yọ́-Ilé ni ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n pín in sí. Ẹfọ̀n, ìgalà, ìnàkí àti ìjímèrè wà níbẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè yìí ni pé àlàpà olú ìlú kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkìtì odi tó ti wó, àfọ́kù ìkòkò àti ọlọ òkúta tí àwọn obìnrin ààfin fi ń lọ ọkà. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé bí ogún gbogbo ayé. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ti rí Olúmọ dé ibẹ̀ náà.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló tú. Àwọn tó rí òkè sá sí dúró. Ṣakí, ìlú Ọ̀kẹ̀rẹ̀, wà lábẹ́ òkè Asabari tí orúkọ rẹ̀ kò lè yà kúrò lára oríkì ìlú náà. Ìgbẹ́tì wà láàárín àwọn òkè tirẹ̀, òkúta mábù tí wọ́n ń wà níbẹ̀ sì dára débi pé orúkọ ìlú náà ti di mímọ̀ láàárín àwọn tó ń wa kùsà jákèjádò Nàìjíríà. Òkèhò tún yàtọ̀. Nígbà tí ogun Dahomey ń jà ní ìwọ̀-oòrùn, abúlé 11 para pọ̀ lábẹ́ Onjọ̀ láàárín àwọn òkè tí ọ̀tá kò lè tètè rí wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò ìjọba àwọn òyìnbó, tó fi kóòtù tuntun àti agbára tó pọ̀ jù lé wọn lórí láti Ọ̀yọ́, níbi tí Captain Ross ti ń ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba kó sójà wá, ẹ̀mí ṣòfò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo ìlú Òkèhò kúrò láàárín òkè wá sí ilẹ̀ títẹ́jú tó wà lónìí. Ahoro ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú sì mọ ibi tí agboolé wọn wà nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo òkè Òkè-Ògùn, ti Àdó-Àwáyè nítòsí Ìsẹ́yìn ni àlejò ń lọ wò jù. Ó ga ju 400 mítà lọ sórí ìpele òkun, àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ síbẹ̀ sì lé ní 300 kéèyàn tó débi tí yóò ti máa fi ọwọ́ di òkúta mú. Lórí rẹ̀ ni adágún Ìyàkẹ̀ wà. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń wá bu omi rẹ̀ látijọ́, títí di báyìí ni wọ́n sì ń kìlọ̀ fún àlejò pé kó má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ, pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Adágún Colorado wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n adágún orí òkè pọ̀ láyé ju méjì lọ. Ìyàkẹ̀ kò nílò àsọdùn yẹn. Pé omi dúró lórí òkúta líle tí kò ní odò kankan tó ń ṣàn wá bá a, láàárín ọ̀dàn tí ọyẹ́ ń gbẹ tó sì ń jó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó ohun ìyanu.

Láti orí òkè Àdó, Ìsẹ́yìn kò jìnnà, ìlú tí ìró òfì kò dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè lórí òfì tí wọ́n na òwú rẹ̀ gùn síwájú, wọ́n á máa ju ọ̀kọ̀ lọ bọ̀, aṣọ tó ń jáde kò sì fẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Aránṣọ ló máa so ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Mẹ́ta ni àgbà nínú àwọn aṣọ òkè. Ẹtù ni dúdú, òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ẹ̀lú léraléra. Àlàárì ni pupa, ṣẹ́dà tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli wá láyé àtijọ́. Ṣányán ló ní ìtàn tó yani lẹ́nu jù, nítorí kòkòrò inú igbó ló ń pèsè rẹ̀. Àwọn kòkòrò náà máa ń kó ara wọn jọ hun ilé kan ṣoṣo sára igi. Wọ́n á já ilé náà, wọ́n á sè é pẹ̀lú omi eérú kó lè rọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá ran án ní òwú tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ àwọ̀ igi. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó ṣányán fi wọ́n. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní orúkọ rẹ̀ lónìí, òwú ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi hun ún.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà yàtọ̀. Ònkò ni wọ́n ń pe ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ ní Òkèhò, Ìgànná àti àyíká wọn. Ohùn tí àwọn yòókù ń pè bí “ṣ”, àwọn Ònkò a máa pè é bí “ch”, ìdí sì nìyẹn tí Ṣakí fi ń di Chaki lẹ́nu wọn.

Ilẹ̀ náà ló ń bọ́ àwọn tó ń pè é ní ọ̀nà jíjìn. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá kò pọ̀ tó ti gúúsù, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣu, àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀gúsí àti ọkà bàbà. Èlùbọ́ tí wọ́n fi ń ro àmàlà ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Nígbà kan, àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn, Àgọ́-Àrẹ àti Tedé ló ń gbin tábà fún ilé iṣẹ́ sìgá. Ẹni tó bá ń kọjá ní Ìpàpó tàbí Òtu yóò rí i pé igi ńláńlá wà láàárín oko tí wọ́n ti ro dáadáa. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ gbàgbé láti gé wọn. Igbá ni òmíràn, tí wọ́n fi èso rẹ̀ ṣe irú. Ẹ̀mí ni òmíràn, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Èèpo igi ẹ̀mí nípọn débi pé iná ọ̀dàn ọdọọdún kì í tètè pa á, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó so. Nítorí náà, ohun tí baba ńlá dá sí ni ọmọ ń ṣa. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin á jí lọ ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Igi yìí kì í hù nínú igbó gúúsù. Ilẹ̀ tó bá a mu nà láti Senegal lọ dé Uganda, Òkè-Ògùn sì wà ní etí rẹ̀ níhà gúúsù.

Àwọn Fúlàní tó ń gbé ní gáà lẹ́yìn àwọn ìlú náà ló ń ṣe wàrà. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fún oje bọmubọmu sí i kó lè dì, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Ewéko kan náà yẹn lóró tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ṣe pàtàkì, àwọn obìnrin Fúlàní sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Odò Ògùn tí ilẹ̀ náà gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣàn láti inú àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí. Ó la ọgbà ẹranko kọjá, odò Ọ̀fíkì dà sínú rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn àti Abẹ́òkúta, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó. Nítòsí Ìsẹ́yìn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìsédò Ìkèrè nígbà Ṣéhù Ṣàgárì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1990. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Wọ́n ṣètò rẹ̀ láti pèsè omi mímu, omi ìbomirin àti iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà fi dúró láìparí, títí àwọn apẹja fi sọ adágún náà di ibi iṣẹ́ wọn. Nísàlẹ̀ odò náà, ní Akútẹ̀, ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fa omi sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn, kí wọ́n tó fi páìpù gbé e lọ sí àdúgbò káàkiri ìlú Èkó.